Ọmọ Mi Kun Ilé Wa ní Elésè Àlùkò

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ọmọ wa ní Gascoigne àti gbogbo àyíká Barking, àwọn tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Mo mọ̀ pé ìṣirò ni ọ̀pọ̀ yín ń retí, tàbí bí ọmọ ṣe máa wọ ilé-ìwé gidi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ àwòrán ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe kan tí mi ò lè tún ṣe mọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà tí a ṣì ń gbé ní àjà kẹsàn-án nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro àtijọ́ lórí ẹ̀sìtéètì yìí, ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, mú iṣẹ́ àṣetiléwá wá sílé. Tíṣà wọn ní kí wọ́n ya ibi tí wọ́n ń gbé, bí wọ́n ṣe rí i ní wákàtí kan pàtó nínú ọjọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, òun àti ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí pápá kékeré tó wà nísàlẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó kó oil pastel rẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí ilé wa, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n gòkè padà, mo gba bébà náà wò. Ara mi bù máṣọ. Kò sí ìlà kan tó gún níbẹ̀. Ilé tí mo mọ̀ sí àwọ̀ eérú, apá kan rẹ̀ ti di àwọ̀ ọsàn, apá kejì di elésè àlùkò. Koríko ní pupa nínú. Ó hàn pé ó kàn ń fi oil pastel tẹ bébà ni, ẹ̀ẹ̀kan níbí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń gbin àgbàdo.

Mo ní, "Kí lèyí? Ṣé elésè àlùkò ni ilé wa?"

Ó ní, "Dádì, bẹ́ẹ̀ ló rí. Tíṣà wa ní ká kun ohun tí a bá rí, ká má kun ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Mo ní ẹnu rẹ̀ ti ń gùn jù. Mo wá rúlà fún un. Mo ní kó ya òmíràn tó mọ́ tónítóní, kí fèrèsé pé, kí wọ́n gún régé, kí ògiri jẹ́ àwọ̀ ògiri. Kò bá mi jiyàn. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó yà á, omijé ń kán sórí bébà. Èyí àkọ́kọ́, ó fà á ya lójú mi, ó jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Èmi fúnra mi ni mo gbé ìdọ̀tí náà lọ dà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Nígbà tí wọ́n pe àwa òbí sí ilé-ìwé, tíṣà náà, obìnrin òyìnbó kan tí ara rẹ̀ balẹ̀, mú ilé tí a fi rúlà yà yẹn jáde. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé èyí tí ọmọ náà ti ń sọ fún gbogbo kíláàsì ńkọ́, èyí tí oòrùn wà lára rẹ̀? Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé ohun tó ń kọ́ wọn fún mi. Èmi náà ti wádìí sí i láti ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí n pín in fún yín.

Ọ̀nà yíyàwòrán kan ni, Impressionism lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Faransé, méjì nínú wọn ti gbé ìlú yìí rí, ogun ló sì gbé wọn wá. Ní 1870 ni Faransé àti Prussia, tó di ara Jámánì lẹ́yìn náà, kọjú ìjà síra wọn. Claude Monet sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú aya àti ọmọkùnrin rẹ̀. Camille Pissarro náà kó ẹbí rẹ̀ wá. Erékùṣù St Thomas ní Caribbean ni wọ́n ti bí Pissarro ní 1830, nígbà tí Denmark ń ṣàkóso ibẹ̀. Ìhà Norwood, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n wọ̀ sí. Ní Croydon ló ti fẹ́ ìyá àwọn ọmọ rẹ̀ níṣu lọ́kà ní 1871. Àwọn méjèèjì gbé àwòrán lọ sí Royal Academy pé kí wọ́n bá àwọn gbé e kọ́. Royal Academy ní rárá. Ìgbà tí Pissarro máa padà sílé rẹ̀ ní Louveciennes, lẹ́bàá Paris, ó bá a pé àwọn ọmọ ogun Prussia ti gbé inú ilé òun, wọ́n sì ti ba èyí tó pọ̀ jù nínú àwòrán tó ti ń kó jọ láti ọdún gbọọrọ jẹ́. Ẹni tó bá ti kó ẹrù la òkun rí láàrin wa mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹrin, 1874, àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ṣí àfihàn tiwọn ní Paris. Monet gbé àwòrán kan síbẹ̀ tó pe orúkọ rẹ̀ ní *Impression, Sunrise*: oòrùn àárọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú lójú omi, ọkọ̀ ojú omi nínú kùrukùru. "Impression" yìí ni ohun tí ojú kó lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé rẹ̀. Oníròyìn kan, Louis Leroy, fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ó ní bébà ara ògiri tí wọn kò tíì ṣe tán pàápàá parí ju ìyẹn lọ. Òun ló fi ọ̀rọ̀ náà sọ wọ́n lórúkọ, orúkọ ẹ̀sín ni, àmọ́ orúkọ náà ló mọ́ wọn lára dòní. Èmi náà, tí mo bá wà ní Paris lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn Leroy ni mi ò bá wà.

Kí ló ń bí wọn nínú? Ojú búrọ́ọ̀ṣì ni. Kí àwọn wọ̀nyí tó dé, ayàwòrán tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ojú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pamọ́ títí àwòrán yóò fi dán bíi dígí. Àwọn wọ̀nyí fi í sílẹ̀ gbangba: ìlà kúkúrú, ìlà gígùn, ẹ̀ẹ̀kan ṣókí, ẹ̀ẹ̀kan fẹ̀. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ìta ni wọ́n ti ń kun àwòrán, oòrùn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tó sì jẹ́ kí wọ́n lè máa gbé ọ̀dà káàkiri ni pé ní 1841, ará Amẹ́ríkà kan tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, John Rand, ṣe ike tínrín olómi-dẹ̀ẹ̀rẹ̀... rárá, ẹ má bínú, irin ni, kì í ṣe ike: irin rírọ̀ tí à ń fún lẹ́yìn bíi ti ọṣẹ ìfọyín. Kó tó dìgbà náà, inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń rọ ọ̀dà sí.

Ìdí kejì ló dùn mọ́ mi jù. Ní Paris, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Michel Chevreul, tó ń bójú tó iṣẹ́ aró ní ilé-iṣẹ́ Gobelins tí wọ́n ti ń hun aṣọ ara ògiri. Aláró ni, bíi tàwọn ìyá wa. Àwọn oníbàárà ń ráhùn pé òwú dúdú wọn kò dúdú dáadáa. Ó wádìí aró, aró kò lẹ́bi. Àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú náà ló ń yí i padà lójú ẹni tó ń wò ó. Ó kọ èyí sínú ìwé ní 1839. Tí o bá fi àwọ̀ méjì síra wọn, olúkúlùkù yóò fọwọ́ kan èkejì: àwọ̀ ọsàn ń mú aró tàn, pupa ń mú àwọ̀ ewé tàn, ìyeyè ń mú elésè àlùkò tàn. Ẹ̀yin ìyá wa ti mọ èyí tipẹ́ kí Chevreul tó kọ ọ́. Ẹ we gèlè àwọ̀ ọsàn sórí aṣọ aláró, ẹ lọ jókòó ní ìnáwó, kí ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ò ní yíjú.

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi po àwọ̀ pọ̀ títí yóò fi di ẹrẹ̀. Wọ́n á fi àmì àwọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn, wọ́n á sì jẹ́ kí ojú ẹni tó ń wò ó bá wọn pò ó. Wọn kì í sì í sáré mú dúdú fún òjìji. Òjìji kò ṣófo. Ibi tí oòrùn kò dé, ojú ọ̀run aláwọ̀ aró ṣì ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ sí i. Tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá wá sọ apá kan ògiri di àwọ̀ ọsàn, apá kejì yóò máa fà sí aró àti elésè àlùkò lójú wa. Ọmọ mi kò purọ́. Èmi ni mo ń gbé inú ilé náà tí mi ò wò ó rí.

Ibo ni mo ti kó ìfẹ́ rúlà yìí? Nílé-ìwé wa nílé, tíṣà a máa na ẹni tó bá kun àwọ̀ kọjá ìlà. Ìtàn yẹn sì jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ jà kí yíya àwòrán wọ ilé-ìwé ní Nàìjíríà ni Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí ní 1882. Ó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ náà. Ní 1906 ló kun àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní St John's Wood School of Art, ó tún dé Académie Julian ní Paris. Nígbà tó padà sí Èkó ní 1922, ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ọ̀nà ṣe ń tín-ín-rín bó bá ṣe ń jìnnà, títí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní "Mr Perspective". Nígbà náà, àwọn òyìnbó kan gbà pé ọwọ́ ènìyàn dúdú kò lè ya ohun tó jọ ohun tí ojú rí. Onabolu fi ọwọ́ ara rẹ̀ já irọ́ wọn. Ó ṣeni ní kàyéfì pé lásìkò tí òun ń làágùn kí àwòrán lè jọ, àwọn ọ̀dọ́ Paris ti ń sá fún jíjọ. Mi ò dá a lẹ́bi rárá. Iṣẹ́ tí ìgbà tirẹ̀ béèrè ló ṣe. Àwa tó tẹ̀ lé e la sọ rúlà di ẹ̀sìn.

Ohun tí a gbàgbé nìyí. Ìyá àgbà mi ní Abẹ́òkúta a máa fi ìyẹ́ adìẹ fa ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun kó tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ìlà kékeré, àmì tó-tò-tó, ìlà kékeré mìíràn, títí odindi Ìbàdàndùn fi jáde. Ẹ sún mọ́ àdìrẹ náà, àmì lásán lẹ máa rí. Ẹ sún sẹ́yìn, òpó gbọ̀ngàn Mápó ló dúró níwájú yín. Mi ò sọ pé ohun kan náà ni. Àdìrẹ ń fẹ́ sùúrù, orí ló sì ti ń wá, nígbà tí ti Monet jẹ́ ìkánjú lójú oòrùn. Àmọ́ ẹni tó dàgbà sídìí ìyá àgbà yẹn kò yẹ kó fojú di àmì. Yusuf Grillo, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1934 tó sì papòdà ní 2021, tó jẹ́ ọ̀gá níbi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yaba Tech fún ọ̀pọ̀ ọdún, kun ènìyàn dúdú ní àwọ̀ aró láti ojú dé ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún un ní rúlà.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé gogoro wa. Láti ọdún mélòó kan ni káńsù ti ń wó wọn, tí wọ́n ń kọ́ tuntun dípò wọn. Wọ́n kó àwa náà lọ sí ilé tuntun tí kò jìnnà síbẹ̀. Mi ò ní purọ́, ilé tuntun náà dára, ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ awólé dé àjà tiwa, èmi àti ọmọ mi dúró lẹ́yìn ọgbà irin. Ògiri iwájú ti ṣí, a ń wo inú yàrá ènìyàn láti ojú títì. Ó nawọ́, ó ní, "Dádì, fèrèsé mi nìyẹn." Kó tó di alẹ́, kò sí fèrèsé níbẹ̀ mọ́.

A wá fọ́tò ilé náà kiri nínú àpótí. A rí ti ọjọ́ ìbí, a rí ti Kérésìmesì, ènìyàn ló kún gbogbo rẹ̀. Kò sí ìkankan tó mú ilé náà bó ṣe máa ń rí tí oòrùn bá ń lọ wọ̀ lọ́hùn-ún lẹ́yìn odò Roding. Èyí tí a fi rúlà yà ṣì wà nínú fáìlì. Fèrèsé rẹ̀ pé. Ilé ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́.

Nígbà tí ìsinmi ilé-ìwé dé, mo mú un lọ sí Courtauld Gallery nínú Somerset House. Láti Barking, District line kan náà ló gbé wa dé Temple, a ò pààrọ̀ ọkọ̀. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sanwó níbẹ̀. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí Pissarro kùn ní 1871, lásìkò tó ń sá fógun: ibùdókọ̀ ojú-irin Lordship Lane ní ìhà Dulwich. Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, èéfín funfun ń jáde lórí rẹ̀, àwọn ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú-irin, bíi Gascoigne ti òní gẹ́lẹ́. Ojú ọjọ́ ṣú, àmọ́ ẹ sún mọ́ koríko yẹn, kí ẹ ka iye àwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀. Wọ́n ti ibùdókọ̀ náà pa ní 1954, ọkọ̀ kankan kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ọmọ mi dúró síwájú rẹ̀ pẹ́ títí. Kò sọ nǹkan kan fún mi, èmi náà ò béèrè.

ÀWỌN ỌMỌ, APÁ TIYÍN RÈÉ

Ẹ má náwó púpọ̀. Oil pastel tàbí ọ̀dà olómi ti ṣọ́ọ̀bù kékeré tó. Ẹ gé káàdì líle sí wẹ́wẹ́, kí ẹ máa fi etí rẹ̀ tẹ ọ̀dà. Òwú ìnutí náà dára fún àmì tó-tò-tó. Ẹ lọ sí Town Quay, létí odò Roding, pẹ̀lú àgbà kan. Ẹ fi rúlà àti ìrésà sílé. Ẹ má kọ́kọ́ fa ìlà yí nǹkan ká. Ẹ di ojú yín díẹ̀, bíi ti ẹni tí oorun ń kùn, kí àwọn nǹkan kéékèèké lè pòórá, kí ó ku ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn.

Ẹ wá jẹ́ kí àmì yín máa rìn bí nǹkan náà ṣe ń rìn. Omi sùn sílẹ̀: ẹ fa á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kúkúrú kúkúrú. Koríko ń lọ sókè: ẹ tì í sókè. Sánmà fẹ̀: ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín fẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ òjìji, ẹ kó dúdú sápò, kí ẹ gbìyànjú aró àti elésè àlùkò. Bí omi Roding bá fà, tí ẹrẹ̀ yọ, ẹ má sọ pé àwọ̀ ilẹ̀ lásán ni. Ẹ wo ibi tí sánmà hàn nínú ẹrẹ̀ náà.

Ẹ mú bébà kéékèèké mẹ́rin dání, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ Monet la ti kọ́ ìyẹn. Láti 1899 sí 1901 ó padà wá sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọ̀ sí Savoy Hotel, ó ń kun àwọn afárá Thames láti ojú fèrèsé. Ó tó ọgọ́rùn-ún kanfáàsì tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti yí padà, á gbé èyí tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀, á wá èyí tó bá ìmọ́lẹ̀ tuntun náà mu. Èéfín èédú ìlú yìí, tí gbogbo ènìyàn ń sá fún, òun gan-an ló wá wò.

Ẹ̀yin òbí, mo gbọ́ yín: ṣé àwòrán ni yóò fi jẹun? Èmi ṣì ń bá ọmọ mi jà lórí ìṣirò, ẹ má rò pé mo ti yí padà tán. Àmọ́ ní England níbí, àwòrán jẹ́ ẹ̀kọ́ dandan títí ọmọ yóò fi pé ọdún 14. Ìwé yíya kan wà nínú báàgì wọn tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣí. Ẹ ṣí i. Kí ẹ tó sọ pé kò dáa, ẹ gbé e jìnnà sójú díẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni tèmi báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ti ìgbéyàwó dé, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti bọ́ bàtà, ó ní kí n má mira. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó fi í hàn mí, agbádá funfun mi ti di àwọ̀ aró, ìyeyè wà níbi tó ká.

Mo ní, "Agbádá yìí, funfun ni mo rà á o."

Ó ní, "Dádì, ẹ wo abẹ́ apá òsì yín."

Mo wò ó. Aró ni.